Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kí Bátìrì Láptọ́ọ̀pù Yín Pẹ́ Níbi Tí Iná Kì í Ti í Dúró

Ìbéèrè kan ni ẹ ń bi mí jù lórí láptọ́ọ̀pù: “Ṣé kí n fi ṣájà sílẹ̀ lára rẹ̀ ni, àbí kí n máa yọ ọ́ tó bá ti kún?” Ìdáhùn kúkúrú rèé: ẹ lè fi í sílẹ̀, bí ẹ bá ti sọ fún kọ̀ǹpútà náà pé kó má kún dé góńgó. Bí ẹ kò bá tíì ṣe ìyẹn, ẹ yọ ọ́.

Èyí tó gùn ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ibi tí iná kì í ti í lọ ni wọ́n ti kọ ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí ẹ ń rí kà lórí ọ̀rọ̀ bátìrì. Ẹni tó ń gbé ní Mushin tàbí Òṣogbo ní láti tún un gé kó tó bá a mu.

## Ohun tó ń ba bátìrì jẹ́ gan-an

Bátìrì lithium-ion ló wà nínú láptọ́ọ̀pù òde òní, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ tókunbọ̀. Ohun mẹ́ta ló ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú: ooru, kó kún dé 100% kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, àti kó máa gbẹ kanlẹ̀ lemọ́lemọ́. Ooru ni ọ̀gá gbogbo wọn. Bátìrì tó kún, tí ara rẹ̀ tún ń gbóná, dà bí ẹni tó yó bámúbámú tí wọ́n ní kó lọ jókòó sínú oòrùn ọ̀sán.

Lílò náà ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ò ṣeé dá dúró. Ìyípo ni wọ́n fi ń kà á. Bí ẹ bá lo 50% lónìí, tí ẹ tún un ṣáàjì, tí ẹ sì lo 50% lọ́la, ìyípo kan péré ni ẹ lò. Torí náà, kò sí aburú nínú kí ẹ fi ṣájà sí i nígbà tó ṣì ku 40%. Ohun tó dáa jù gan-an nìyẹn.

Ẹ gbàgbé ti “ẹ ṣáàjì ẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ kí ẹ tó kọ́kọ́ lò ó” àti ti “ẹ jẹ́ kó kú pátápátá kí ẹ tó ṣáàjì.” Bátìrì nickel àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn wà fún. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo lè ní kí ẹ jẹ́ kó gbẹ ni ìgbà tí nọ́ńbà tó ń gbé wá bá ń parọ́, bíi kó sọ pé 30% ló kù kó sì kú lójijì. Ẹ ṣáàjì ẹ̀ kún, ẹ lò ó títí yóò fi pa ara rẹ̀, kí ẹ tún ṣáàjì ẹ̀ kún láìdáwọ́ dúró. Bí nọ́ńbà náà kò bá tò lẹ́yìn ìyẹn, bátìrì ló ti ń lọ.

## Ẹ kọ́kọ́ yẹ bátìrì yín wò

Lórí Windows, ẹ kò nílò láti ra ohunkóhun tàbí kí ẹ wa ohunkóhun sílẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì.

1. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ kọ cmd, kí ẹ sì ṣí Command Prompt.
2. Ẹ kọ powercfg /batteryreport, kí ẹ tẹ Enter. Àyè kan wà lẹ́yìn powercfg. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kò ní ṣiṣẹ́.
3. Yóò sọ ibi tó gbé ìròyìn náà sí. Battery-report.html ni orúkọ rẹ̀. Ẹ lọ ṣí i nínú Chrome tàbí Edge.
4. Ẹ wá DESIGN CAPACITY, ìyẹn ohun tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun, àti FULL CHARGE CAPACITY, ìyẹn ohun tó ń gbà báyìí.
5. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ pín èkejì. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 41,040 mWh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú), tí èkejì jẹ́ 26,700, bátìrì yẹn ku bíi 65%.
6. Ẹ wo CYCLE COUNT, iye ìyípo. Bí ẹ bá bá àmì “-” níbẹ̀, ẹ má jáyà, àwọn kọ̀ǹpútà kan kì í kà á ni.

Òṣùwọ̀n tèmi: tó bá ju 80% lọ, ara rẹ̀ le. Láàárín 50% sí 80%, ẹ máa ṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá ti wọ abẹ́ 50%, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó òmíràn.

Ẹni tó ń lo Mac, kó di bọ́tìnì Option mú, kó tẹ àmì Apple lókè lápá òsì, kó yan System Information, kó wá lọ sí Power. Cycle Count àti Condition wà níbẹ̀. 1,000 ìyípo ni Apple kọ gẹ́gẹ́ bí òpin fún bátìrì àwọn MacBook òde òní.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tókunbọ̀, ẹ ṣe ìgbésẹ̀ mẹ́fà yìí lójú ẹni tó ń tà á, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọlọ́jà ní Computer Village á sọ fún yín pé “ó ń gbé wákàtí márùn-ún dáadáa.” Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ṣáà ṣí ìròyìn yẹn, kí ẹ sì yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Owó á wálẹ̀.

## Bí ẹ ṣe máa fòfin dè é pé kó má kún tán

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ní ètò tó ń dá ṣáàjì dúró ní bíi 80%. Ẹni tó bá ta á fún yín kò ní sọ fún yín. Ibi tó wà yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn:

- HP, pàápàá EliteBook àti ProBook: ẹ pa á, ẹ tan án padà, kí ẹ máa tẹ F10 léraléra títí BIOS, ìyẹn ojú ètò tó wà ṣáájú kí Windows tó dé, yóò fi ṣí. Ẹ wá Battery Health Manager, kí ẹ yan Maximize My Battery Health.
- Dell, bíi Latitude: F2 ni tiẹ̀ nígbà tó bá ń tàn. Ẹ wá Primary Battery Charge Configuration, ẹ yan Primarily AC Use, tàbí Custom tí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara yín kọ iye.
- Lenovo: ẹ lo áàpù Lenovo Vantage. ThinkPad jẹ́ kí ẹ yan ibi tí ṣáàjì á ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti máa dúró. Ti IdeaPad ń jẹ́ Conservation Mode.
- ASUS: áàpù MyASUS ni, níbi tí wọ́n ti ń sọ nípa Battery Health.
- Acer: Acer Care Center, tàbí AcerSense lórí àwọn tuntun.
- Mac: ẹ lọ sí Battery nínú Settings, kí ẹ jẹ́ kí Optimized Battery Charging wà ní títàn.

Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń wọ BIOS: ohun tí ẹ wá ṣe nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Bí ọ̀nà bá dàrú mọ́ yín lójú, ẹ jáde láìfi nǹkan kan pamọ́. Ibẹ̀ kọ́ lèèyàn ti ń ṣe “jẹ́ n wò ó.”

Bí tiyín kò bá ní ètò yìí rárá, ọwọ́ ni ẹ óò fi ṣe é. Tó bá ti lé ní 80%, ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò ní ìnira kankan, àfi pé èèyàn ń gbàgbé.

## Ti NEPA wá ńkọ́?

Ibí yìí ni mo ti yapa sí ohun tí òyìnbó kọ. Wọ́n á ní ẹ má jẹ́ kó ju 80% lọ láéláé. Ṣùgbọ́n 80% tí ẹ fi sílẹ̀ lálẹ́ ò ní bá yín parí iṣẹ́ tí iná bá lọ ní aago mẹ́jọ tí kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Kíkún kọ́ ni aburú. Kó kún, kó wá jókòó bẹ́ẹ̀ nínú ooru fún ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn gan-an ló burú.

Bí iná yín bá ṣe rí ni kí ẹ ṣe é:

Ẹni tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, tàbí tó ní ínfátà tó dá a lójú. Ẹ fi sí 80%, ẹ jẹ́ kí ṣájà wà lára rẹ̀, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ẹni tó wà ní Band D tàbí E, wákàtí 8 tàbí 4. Ẹ yọ òfin 80% kúrò. Iná tó bá dé, ẹ ṣáàjì ẹ̀ kún 100%, iná tó bá lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Kò ní pẹ́ ní kíkún tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi ṣe é ní jàǹbá. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún ni kó kú pátápátá, kí iná má sì dé fún ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá ti ku 15%, ẹ pa á.

Ẹni tó wà láàárín méjèèjì. 80% ní ọjọ́ tí ẹ bá wà nílé, 100% ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀.

Èkejì ni agbára iná fúnra rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ṣájà yín, ẹ óò rí i tí wọ́n kọ “100-240V” síbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iná tó lọ sílẹ̀, tí gílóòbù ń ṣe bàìbàì, kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Iná tó bá ga ló ń pa ṣájà, ìgbà tí iná bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń ga jù. Nítorí náà:

1. Bí iná bá lọ, ẹ yọ ṣájà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe kí ẹ pa á nìkan, ẹ yọ ọ́.
2. Bí iná bá dé, ẹ ṣe sùúrù bí ìṣẹ́jú márùn-ún. “Up NEPA!” kọ́ ni àmì pé kí ẹ sáré fi nǹkan sí iná.
3. Ẹ wo gílóòbù àti fáànù. Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tó ń ṣẹ́jú, ẹ ṣì jókòó.
4. Ẹ fi ṣájà sínú ohun tó lè gé iná tó bá ga jù, kì í ṣe wáyà onísọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí kò ní nǹkan kan nínú.

Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, pàápàá I-better-pass-my-neighbour, ẹ tan án, ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ tó fi láptọ́ọ̀pù sí i. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí epo tán nínú rẹ̀ nígbà tí láptọ́ọ̀pù wà níbẹ̀. Bó bá ti ń wúkọ́, tó ń sáré tó ń rọ̀, ìyẹn náà ni iná tó ń lọ sókè sódò.

Bí ṣájà yín bá ń kùn lórí ínfátà, tó sì ń gbóná ju bó ṣe ń ṣe lórí NEPA, iná tí ínfátà yẹn ń gbé jáde ni kò mọ́. Ẹ máa ṣáàjì nígbà tí NEPA bá wà, kí ẹ sì lo bátìrì láptọ́ọ̀pù nígbà tí ínfátà bá ń ṣiṣẹ́.

## Bí ẹ ṣe máa fa bátìrì gùn tí iná bá lọ

Ẹ má dúró di 20% kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ lò. Ìṣẹ́jú tí iná lọ ni.

1. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù dé ibi tí ẹ ṣì fi lè kàwé. Nínú gbogbo ohun tó ń jẹ bátìrì, ojú kọ̀ǹpútà wà lára àwọn tó ń jẹ jù.
2. Ẹ tan Battery saver. Energy saver ni wọ́n ń pè é lórí àwọn ẹ̀dà Windows 11 tó tuntun.
3. Ẹ ti àwọn táàbù Chrome tí ẹ kò lò, ẹ pa ìmọ́lẹ̀ abẹ́ kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ yọ fláàṣì àti máòsì tí kò níṣẹ́.
4. Bí ojú kọ̀ǹpútà yín bá ń ṣiṣẹ́ ní 120 Hz tàbí 144 Hz (iye ìgbà tó ń tún àwòrán yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹ dá a padà sí 60 Hz nínú Advanced display.
5. Ẹ má fi láptọ́ọ̀pù ṣáàjì fóònù. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ áàpù tó ń jẹun jù, ẹ lọ sí Settings, System, Power & battery, kí ẹ wo Battery usage. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ óò bá áàpù tí ẹ kò tilẹ̀ ṣí lọ́jọ́ náà níbẹ̀.

## Ooru: bẹ́ẹ̀dì, báàgì àti bùútù mọ́tò

Ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́ lé orí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí tàbí àga onítìmùtìmù. Ihò tó fi ń fa afẹ́fẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, aṣọ sì ti dí i. Tábìlì ló dáa, tàbí kí ẹ wá pákó pẹlẹbẹ kan sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ẹ ò lè fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ fún un nísinmi, ẹ sì yọ ṣájà.

Lẹ́yìn ọyẹ́ lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣí i, kó fọ fáànù rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i, ẹ wo ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde: eruku á ti dì pọ̀ níbẹ̀ bámúbámú, tó jẹ́ pé ẹ lè fi ọwọ́ ṣí i kúrò lódindi. Fáànù tó ń ké bí ẹni pé yóò fò lọ máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Bùútù mọ́tò tó wà nínú oòrùn kì í ṣe ibi ìkópamọ́.

Èyí tí àwọn èèyàn ò mọ̀ ni ti inú báàgì. Ẹ pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé, ẹ kó o sínú báàgì, ẹ wọ dáńfó. Ẹ dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ bá a tó gbóná, bátìrì sì ti gbẹ. Kò kú nígbà tí ẹ pa á dé. Sleep ló wọ̀, ó sì ń jí láàárín báàgì. Ohun tí ẹ óò ṣe rèé:

1. Ẹ ṣí Control Panel, kí ẹ lọ sí Power Options.
2. Ẹ tẹ Choose what closing the lid does.
3. Lábẹ́ On battery, ẹ yí Sleep padà sí Hibernate, kí ẹ sì fi pamọ́.
4. Bí Hibernate kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi àṣẹ administrator (Run as administrator) ṣí Command Prompt, ẹ kọ powercfg /hibernate on, kí ẹ tún padà wá wò ó.

Hibernate ń kó iṣẹ́ yín sínú dísíkì, á wá pa kọ̀ǹpútà pátápátá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jí ju Sleep lọ. Ẹ fara mọ́ ọn.

Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò tí ẹ kò ní lò ó fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀ ní bíi 50%, ẹ pa á, ẹ gbé e síbi tó tutù.

## Ṣájà àti power bank

Bí ṣájà bá bàjẹ́, kì í ṣe èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ti wọlé lẹ ó rà. Ẹ ka ara èyí tó bàjẹ́.

- V (volt, agbára tó ń ti iná) gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu: 19.5V fún ọ̀pọ̀ HP àti Dell, 20V fún ọ̀pọ̀ Lenovo.
- A (amp, bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba tàbí kó jù ú lọ. Ẹ fi V sọ A di púpọ̀, ẹ óò rí W (watt). 19.5V pẹ̀lú 3.33A jẹ́ 65W. Bí wọ́n bá fún yín ní 2.31A, 45W ni. Ó lè máa fà bí ìgbín, tàbí kí láptọ́ọ̀pù sọ pé “plugged in, not charging.” Bátìrì kọ́ ló bàjẹ́ yẹn.

Power bank kì í ṣiṣẹ́ fún láptọ́ọ̀pù àfi tí láptọ́ọ̀pù bá ń gba ṣáàjì láti ojú USB-C, tí power bank náà sì ní PD (Power Delivery, ètò ṣáàjì alágbára ti USB-C) tó tó 45W tàbí 65W. Èyí tó kọ 22.5W, ti fóònù ni. Bí wọ́n bá kọ 20,000 mAh sí i lára, ẹ sọ ọ́ di 20, kí ẹ fi 3.7 (V sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀) sọ ọ́ di púpọ̀: 74 Wh nìyẹn (1,000 mWh ni 1 Wh). Púpọ̀ sì ń ṣòfò lójú ọ̀nà, torí náà ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀ ló máa ṣáàjì bátìrì tó jẹ́ 41 Wh. Ẹni tó ń wọ bàálù ní láti gbé e sínú báàgì ọwọ́, kó má sì ju 100 Wh lọ tí kò bá fẹ́ tọrọ àyè.

## Bí ẹ bá fẹ́ ra bátìrì tuntun

Ẹ má lọ sọ fún wọn pé “bátìrì HP ni mo fẹ́.” Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ti àtijọ́, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára bátìrì náà fúnra rẹ̀, bíi HS04. Nọ́ńbà yẹn, V àti Wh ni ẹ óò fi rajà.

Kí ẹ tó sanwó:

- Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í sí i, kí ẹ tún ìròyìn powercfg ṣe. Ṣé FULL CHARGE CAPACITY sún mọ́ ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀? Ṣé ìyípo rẹ̀ wà ní 0 tàbí nítòsí rẹ̀?
- Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ máa wo fídíò lórí rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá ti já 40% sílẹ̀, ẹ dá a padà.
- Ẹ rí i pé gbogbo ṣùkúrúù padà síbi tí ó wà.
- Ẹ gba rìsíìtì tó ní ọjọ́ àti wáráńtì.

Èyí tí owó rẹ̀ bá fi ìdajì kéré sí ti gbogbo ìsọ̀ yòókù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Àwọn kan tún máa ń là bátìrì àtijọ́, wọ́n á kó sẹ́ẹ̀lì mìíràn sí i nínú. Ó dín owó, ṣùgbọ́n èmi ò ní gbé irú ẹ̀ sórí tábìlì nílé tí ọmọdé wà.

## Bí bátìrì bá wú

Àmì rẹ̀: táàṣípáàdì (ibi tí ẹ ń fi ìka darí ọfà) ń gòkè tàbí kò ṣeé tẹ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù kò jókòó dáadáa lórí tábìlì, ìdérí kò pàdé, tàbí òórùn dídùn àjèjì kan ń jáde.

1. Ẹ yọ ṣájà, ẹ pa kọ̀ǹpútà. Ẹ má tún tan án láti “yára kó fáìlì jáde.”
2. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un kí atẹ́gùn lè jáde, ẹ má sì yọ ọ́ fúnra yín.
3. Ẹ gbé e sórí símẹ́ńtì, níta tàbí níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kúrò lọ́dọ̀ bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì àti epo jẹnẹrétọ̀.
4. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kó yọ bátìrì. Fáìlì yín wà nínú dísíkì, kò sí nínú bátìrì.
5. Ẹ má jù ú sí pàǹtírí. Ẹ bi ẹni tó yọ ọ́ bóyá ó mọ àwọn tó ń gba bátìrì àlòkù.

Bó bá ń rú èéfín, ẹ má mí èéfín náà. Ẹ kó àwọn ará ilé jáde, ẹ pa iná láti ibi mítà bí ọ̀nà bá ṣí. Bí bátìrì náà bá ti ń jó, àmọ́ tó ṣì kéré, tí ẹ sì lè sún mọ́ ọn láìséwu, omi púpọ̀ ni ẹ óò dà sí i láti fi mú un tutù. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jáde, ẹ pe 112. Ẹni tó wà ní Èkó lè pe 767 pẹ̀lú.